Ibi Tí Ìyá Kì Í Mọ̀

Ìjọkù,
Ṣàgámù.
Oṣù Kejìlá, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi Afọláyan,

Mo kí ọ, mo kí Bánkẹ́ ìyàwó rẹ, mo sì kí gbogbo ilé. Mo lérò pé ara yín le, pé orúnkún rẹ tó máa ń bá òjò ṣọ̀rẹ́ ti fún ọ ní ìsinmi báyìí tí ọyẹ́ ti ń fẹ́. Ní ti àwa níhìn-ín, ẹ̀mí wà, a sì ń dúpẹ́. Obì ọdún yìí so dáadáa. Ìgbọ́ràn mi ti ń dínkù díẹ̀, àwọn ará ilé sì ní ohun tí mo bá fẹ́ gbọ́ nìkan ni mò ń gbọ́. N kò bá wọn jiyàn.

Fisáyọ̀ ọmọ rẹ fún mi ní ìwé rẹ. O ní àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ fẹ́ rọ àwọn ọlọ́pàá pé kí wọ́n bá yín mú dírónù wá, irú ẹ̀rọ kékeré tó ń fò lókè Ṣàgámù tó sì ń ya fídíò ohun gbogbo, àti pé nítorí pé ìwọ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ìwọ ni wọ́n ní kó o bi wá bóyá ó dára. Tíṣà ni ọ́ lóòótọ́. O fa ìlà sí abẹ́ ìbéèrè rẹ, o sì fi àyè ìdáhùn sílẹ̀ fún mi. Ìdáhùn mi kò lè wọ inú àyè yẹn, nítorí pé ó kan ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Hàmdálátù, ìyàwó Tájù ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bébà tèmi.

Mo mọ̀ pé Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà. Ṣùgbọ́n bí mo bá wá, Bánkẹ́ á gbé oúnjẹ kalẹ̀, ìwọ á bẹ̀rẹ̀ àwàdà, n ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà padà wálé bí mo ṣe gbé e lọ. Fóònù ńkọ́? N kò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán ohunkóhun tó bá ń gba ojú òfurufú kọjá mọ́. Kareemat ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò mú lẹ́tà yìí wá, ó sì mọ̀ pé ìwọ nìkan ni kó fi lé lọ́wọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dára. O rántí ohun tí ojú wa rí lọ́dún tó kọjá. Àwọn adigunjalè dá tírélà obì tó ń lọ sí Kánò dúró lójú ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n sì kó awakọ̀ àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wọgbó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń fi àdá lé ara wọn ní ìgboro lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá sọ fún àwa ẹgbẹ́ oníṣòwò obì pé àwọn ti ní ẹ̀rọ tó lè máa fò, tó lè rí ènìyàn lábẹ́ igi, èmi tí mo jẹ́ alága ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó sì ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí tírélà wa kankan tó sọnù. Mo ń sọ èyí kó o má baà rò pé mo kórìíra nǹkan náà.

Àwọn ọmọdé sọ ọ́ ní Àwòdì. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, tó máa ń kùn bí eṣinṣin ńlá, wọ́n á máa sá tẹ̀ lé e kiri àdúgbò, wọ́n á máa juwọ́ sí i. Àwọn àgbà kì í juwọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí àgbà tó tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa nígbà tó ń kọjá. Kí oṣù kan tó pé, ó ti di ohun ìlú, a kò wòkè mọ́ bó bá dé.

Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ kùn. O mọ àgbàlá ẹ̀yìn ilé wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bó obì. Wọ́n á rẹ gbànja sínú omi títí èèpo rẹ̀ á fi rọ̀, wọ́n á wá jókòó yí i ká, wọ́n á máa bó o, wọ́n á máa ṣe òfófó. Ọkùnrin kì í wọ ibẹ̀, nítorí náà wọ́n á ti bọ́ híjáàbù kọ́ sára ìṣó, wọ́n á ró ìró dé àyà. Balùwẹ̀ wọn náà wà níbẹ̀. Bàbá mi ló mọ ògiri àgbàlá náà, ó mọ ọ́n ga débi pé ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ kò lè yọjú wò ó. Kò kan òrùlé sí i, nítorí nígbà ayé tirẹ̀ kò sí ẹni tó ń gbé lókè. Ilé ẹni la ti í jẹ èkúté onídodo, ohun tí àwọn obìnrin náà sì ń wí nìyẹn, pé ọlọ́pàá ti ń rí ìdodo èkúté wọn.

Wọ́n ra tapólì, wọ́n sì fi bo àgbàlá náà láti ìgun dé ìgun. Ooru dé sábẹ́ rẹ̀. Obì tí wọ́n ti bó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ó sì ń dúdú. Mo bínú, mo ní kí wọ́n ká tapólì kúrò. Ìyá Tájù dá mi lóhùn pé kí n yan ọ̀kan, obì mi tàbí ìhòòhò àwọn ọmọ mi. Mo yan tapólì, a sì gbé obì lọ sí ìsàlẹ̀ ilé. Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà yóò parí sí fún mi nìyẹn.

Ìròyìn tí n kò tíì fún ọ ló kàn. Ní oṣù Kẹsàn-án, Hàmdálátù bímọ obìnrin. Ọdún kẹfà rẹ̀ rèé nílé ọkọ, o sì mọ ohun tí ọdún mẹ́fà jẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó kò, ibà mú ọmọ náà. Ilé ìwòsàn ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, ọmọ náà sì padà lọ. Àwọn èèyàn wá, wọ́n sọ ohun tí à ń sọ, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Hàmdálátù ń dáhùn pé àmín. Kò sunkún lójú wa.

O mọ àṣà wa, tiyín ní Ìkẹ́nnẹ́ kò sì yàtọ̀ sí i pẹ̀lú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yín. Òbí kì í sin ọmọ rẹ̀, a kì í sì í fi ibẹ̀ hàn án, pàápàá ìyá. Àgbà méjì ni yóò gbé ọmọ náà lọ. Wọn yóò tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kò ní sí òkìtì, kò ní sí àmì, wọn yóò da ewé bò ó, wọn yóò sì gbé e mì. Wọ́n ní bí ìyá bá mọ ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀, ikùn rẹ̀ kò sì ní gba òmíràn. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún ìyá mi nìyẹn nígbà tí wọ́n sin àbúrò tó tẹ̀ lé mi. Ó kú ní àádọ́rùn-ún ọdún láìmọ ibẹ̀, kò sì bèèrè lójú mi rí.

Èmi àti Abdullateef àbúrò mi ló ṣe é. O rántí rẹ̀, ẹni tí àrùn rọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún láti kékeré, tó máa ń fì bó bá ń rìn. Lẹ́yìn tí a ti kírun sí ọmọ náà lára tán, a gbé e lọ sí oko obì wa ní ìrọ̀lẹ́. N kò ní sọ apá ibi tó jẹ́ fún ọ. Abdullateef gbẹ́ ilẹ̀, èmi gbé ọmọ náà wọlẹ̀, a bò ó, a tẹ́ ibẹ̀, a da ewé sí i. Ibi tí a ti ń da ewé ni a ti gbọ́ ìkùn Àwòdì lókè. Abdullateef gbójú sókè. Ó ní, “Án ti rí wa, ẹ̀gbọ́n, àwọn ọlọ́pàá.” Mo ní kó máa da ewé rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá mẹ́ta wá pè mí. Wọn kò fìyà jẹ mí, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ń pè mí ní Àlájì títí a fi dé àgọ́ wọn. Níbẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dúrótìmí, òun ló ń darí ẹ̀rọ náà, ti gbé kọ̀ǹpútà sí iwájú mi. Mo rí òkè igi obì. Mo rí fìlà méjì, ọkọ́ kan, àti nǹkan funfun kékeré kan. Ojú kò hàn. Ohun tó mú wọn fura ni pé a tẹ́ ilẹ̀, a sì da ewé bò ó. Wọ́n ní ẹni tó bá ń sin ènìyàn rẹ̀ kì í pa ojú oórì rẹ̀ rẹ́, pé àwọn tó pa ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wọn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, n kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni Dúrótìmí. Bárékè ọlọ́pàá ní òkè Ọya ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò sì sí ẹni tó sọ irú rẹ̀ fún un rí.

Mo ṣàlàyé. Ìmáàmù wa wá jẹ́rìí, Abdullateef mú ìwé ilé ìwòsàn wá. Wọ́n gbà wá gbọ́, wọ́n sì bẹ̀ mí. Dúrótìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn sì wù mí. Mo ní kí wọ́n pa fídíò náà rẹ́. Wọ́n ní kò sí níkàáwọ́ àwọn, pé ohun tó bá ti wọ inú ẹ̀rọ ti di ti ìjọba, ṣùgbọ́n kí n fọkàn balẹ̀, kò sí ẹni tí yóò rí i. Mo fọkàn balẹ̀. Mo lọ sílé, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ obì ni wọ́n pè mí fún.

Láàárín ìgbà náà, ẹ̀dùn ọkàn àwọn ará ìlú lórí Àwòdì ti pọ̀ sí i. Àwọn obìnrin ń sọ ti balùwẹ̀. Ọkùnrin kan ní Màkún ń bínú pé Àwòdì máa ń dúró lókè ilé kan tí òun máa ń lọ ní ọ̀sán, kò sọ ẹni tó ni ilé náà, àwa náà kò bi í. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́pàá pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ìlú láti fi wá lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n fún mi ní àga ní iwájú pẹ̀lú àwọn ìjòyè. Àwọn obìnrin obì wá, wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn, Hàmdálátù sì wà láàárín wọn. Kò tíì máa jáde dáadáa nígbà náà. Ìyá Tájù ló fà á wá pé kó wá gba atẹ́gùn.

Agbẹjọ́rò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Raqeebah lorúkọ rẹ̀, dìde, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ta ló ń wo ohun tí ẹ̀rọ náà bá yà? Ibo ni wọ́n ń kó o sí? Ìgbà wo ni wọ́n ń pa á rẹ́? Agbẹnusọ ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ìdí fún ẹ̀rù, pé láti òkè tí ẹ̀rọ náà wà, ojú ẹnikẹ́ni kì í hàn, àtàrí nìkan ni. Ó ní kí wọ́n pa iná, kí àwọn fi díẹ̀ hàn wá. Ó fi ibi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ń sá hàn, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó fi ọkọ̀ tí wọ́n jí gbé hàn, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo rí òkè igi obì lára ògiri, ó tóbi ju bí mo ṣe rí i ní àgọ́ lọ.

Afọláyan, n kò lè sọ bó ṣe rí fún ọ. Mo jókòó sórí àga mi, mo ń wo ara mi tí mò ń sin ọmọ ọmọ mi níwájú gbogbo ìlú. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ojú kò hàn. Ṣùgbọ́n ta ló nílò ojú ní Ṣàgámù? Abdullateef ń fì bó ṣe máa ń fì. Fìlà tí mo dé sì rèé, Hàmdálátù fúnra rẹ̀ ló fi òwú hun ún fún mi nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀, ó fi òwú pupa ṣe ìràwọ̀ sí àárín rẹ̀ lókè. Èmi tí mò ń dé e kì í rí ìràwọ̀ yẹn. Láti òkè, òun ló hàn jù lọ. Agbẹnusọ náà ní, “Ẹ wo èyí, ó mú wa fura, a tọpinpin rẹ̀, a sì rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n tan iná, mo wẹ̀yìn, àga Hàmdálátù ti ṣófo.

Mo bá agbẹnusọ náà jà lójú agbo lọ́jọ́ náà. Mo sọ ohun tí n kò sọ rí láti ìgbà tí mo ti jẹ́ alága. Wọ́n tún bẹ̀ mí. Dúrótìmí kò sí níbẹ̀, mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé kò mọ̀ pé fídíò náà wà lára ohun tí wọ́n kó wá. Nílé, Hàmdálátù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ilé, ó ń bó obì. Bí a bá pè é wá jẹun, á jẹ. Bí a bá kí i, á kúnlẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, ó sàn kó pariwo mọ́ mi.

Nígbà tó wá bá mi, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó kúnlẹ̀, kò sì dìde títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Mo rántí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe sọ ọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin mọ ibẹ̀, bàbá kékeré mọ ibẹ̀, ẹ̀yin lẹ bí wa, mi ò ní wí nǹkan kan. Àmọ́ ọlọ́pàá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Àwọn tó jókòó sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ń mu omi inú ọ̀rá, gbogbo wọn ti rí i. Gbogbo ayé ló ti mọ ibi tí ọmọ mi wà, ó ku èmi. Ọkùnrin yẹn sì ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ mi ló wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ mú mi lọ.”

Ìyá Tájù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí mo bá mú un lọ tí kò bá bí mọ́, ọrùn mi ni. Mo lọ bá Ìmáàmù, ó ní ẹ̀sìn kò dá òbí lẹ́kun ibojì ọmọ rẹ̀, pé àṣà ni, kí n lọ bá àwọn tó ni àṣà. Nínú agbo ilé wa, ta ló kù tó ni àṣà bí kò ṣe èmi? Tájù ní ohun tí mo bá ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n ṣe, òun kò fẹ́ mọ ibẹ̀. Abdullateef tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló là á. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, án ti fi fídíò mú un débẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò tíì dé.” Mo ní kí Hàmdálátù múra.

Kí n tó sọ ìyókù, jẹ́ kí n dá ọ lóhùn, nítorí mo mọ̀ pé ìwọ á ti máa wá ìdáhùn rẹ kiri. Ẹ má sọ pé ẹ kò fẹ́. Ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ náà kò dára lálẹ́, bó bá sì di pé wọ́n jí ènìyàn gbé, ẹ ó wá ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọmọbìnrin agbẹjọ́rò yẹn béèrè, kí ẹ béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó kó ẹ̀rọ wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, a kọ́ àwọn ọmọ wa bẹ́ẹ̀. Kí ẹ wádìí ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ sì kan òrùlé sí balùwẹ̀ yín.

Àwa mẹ́ta la wọ oko náà, èmi, Abdullateef àti Hàmdálátù. Tájù dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀kadà rẹ̀. Nígbà tí a dé apá ibẹ̀, mo nawọ́ sí ibì kan. Abdullateef ní kì í ṣe ibẹ̀, ó nawọ́ sí ibòmíràn. Òjò ìparí ọdún ti rọ̀ sórí ilẹ̀ náà, àwọn tó ń ká obì ti tẹ̀ ẹ́, ewé tuntun ti bo ewé tiwa. A ṣe iṣẹ́ wa bó ṣe yẹ kí àgbà ṣe é, kò sí àmì kankan. A ń lọ, a ń bọ̀ lábẹ́ igi, a ń bá ara wa jiyàn nínú ọ̀fun, ọmọbìnrin náà sì dúró, ó ń wo àwa arúgbó méjì. Ojú tì mí, Afọláyan. Ojú kò tì mí bẹ́ẹ̀ rí. Òun náà ló wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n.”

Báyìí ni mo ṣe padà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá fi ojú oórì ọmọ ọmọ mi hàn mí. Dúrótìmí ni mo bá sọ ọ́. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní ẹ̀rọ náà máa ń kọ ibi tó bá ti ya fídíò sílẹ̀, kò sì ní ṣìnà. Ní ọjọ́ tí kò sí níṣẹ́, ó gun ọ̀kadà wá bá wa lóko pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò lásán, kò wọ aṣọ ìjọba. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú, ó ń rìn tẹ̀ lé e, àwa náà ń tẹ̀ lé òun. Ibi tó dúró sí kì í ṣe ibi tí mo nawọ́ sí, kì í sì ṣe ibi tí Abdullateef nawọ́ sí. Ó ní, “Ibí ni, mà.” Ó yí ojú sí Hàmdálátù láti sọ ọ́, kò wo ojú mi.

Hàmdálátù kọ́kọ́ gbójú sókè, ó wò ó yíká. Ewé obì nìkan ló wà lókè. Ó wá ní kí gbogbo wa jọ̀wọ́ kọ ẹ̀yìn sí òun. A kọ ẹ̀yìn, èmi, Abdullateef àti ọlọ́pàá. Dúrótìmí pa fóònù rẹ̀, ó tì í bọ àpò. Mo gbọ́ nígbà tí Hàmdálátù kúnlẹ̀ sórí ewé. Wọn kò tíì sọ ọmọ náà lórúkọ kó tó lọ, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti ní orúkọ kan lọ́kàn fún ọdún mẹ́fà. Ó pè é ní orúkọ náà. Ó pè é jẹ́jẹ́ débi pé kò sí ẹnì kankan nínú wa tó gbọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run, tó ti ń rí wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀ tí kò sì tíì fi wá han ẹnikẹ́ni, bo àṣírí ìwọ àti èmi. Kó fún Bánkẹ́ ní àlàáfíà, kó fún orúnkún rẹ ní ìwòsàn, kó dá àwọn ọmọ wa sí kí wọ́n lè gbé wa sin ní ibi tó bá wù wọ́n. Kó fi ọmọ mìíràn pa Hàmdálátù lẹ́rìn-ín, yálà àṣà gbà tàbí kò gbà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà ṣòkòtò péńpé,
Lìádì.

Àfikún: Dúrótìmí yà kí mi ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ó ní ọ̀gá òun ti fọwọ́ sí i, pé wọ́n ti pa fídíò náà rẹ́ pátápátá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fún un ní obì tó dára mú lọ sílé. N kò bi í bóyá òun náà ti gbàgbé ibẹ̀.